Àkànràn àti Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Inú Ìwé

Ọdún mánigbàgbé ni ọdún 1969 ní agbègbè Ìbàdàn. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n kọ̀ láti san owó-orí fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi. Àkànràn, ìlú Táfà Adéoyè, ni Olóyè Awólọ́wọ̀ lọ láti pẹ̀tù sí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà. Owó-orí sì wálẹ̀ sí pọ́n-ùn 2.

Ọdún yẹn gan-an ni *Àjà Ló Lẹrù*, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, jáde. Lápàdé tí ó ń lépa ọ̀daràn nínú rẹ̀ ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé aláṣẹ, bí àgbẹ̀ Àkànràn ìgbà náà, yóò mọ ìdí tí ìwádìí fi bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò wọ aṣọ ìjọba.

Ní 1971, Kọ́lá Akínlàdé gbé *Ta Ló Pa Ọmọọba?* jáde. Àkọlé rẹ̀ nìkan ti pe òǹkàwé síbi ìwádìí, gẹ́gẹ́ bí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe lónìí. Ẹni tí ó fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ lè yan Akínlàdé; ẹni tí ó ń béèrè ẹni tí ó yẹ kí a fi òtítọ́ lé lọ́wọ́, Lápàdé ni kí ó bá rìn.