Àwọn Ará Ilé Wa Tí Ogun Gbé Lọ

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí jẹ mọ́ àwọn òkú wa, pàápàá àwọn tí kò ní sàréè nínú agboolé kankan.

Láyé àwọn bàbá wa, bí àgbàlagbà tó ti bímọ bá kú, inú ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń sin ín sí. Ẹbí kò fẹ́ kí ó jìnnà. Àwọn ọmọ a máa kọjá lẹ́bàá sàréè náà tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin ilé a sì máa fi oríkì rẹ̀ ki àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kúnlẹ̀ kí wọn lówùúrọ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọn a fa eégún òkú náà jáde; yóò fi ohùn ará ọ̀run pe àwọn ọmọ rẹ̀, yóò súre fún wọn. Bí a bá bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, Babátúndé ni; bí ìyá àgbà bá lọ tí a bí obìnrin, Yétúndé ni tàbí Ìyábọ̀. Lóde òní, àwọn Mùsùlùmí wa ń ṣe fídáù, àwa ọmọ ìjọ ECWA, tí SIM bí, ń ṣe ìsìn ìrántí. (Ìnáwó àti aṣọ ẹbí ti pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n mo fi ìyẹn sílẹ̀ di ọdún mìíràn.)

Ẹni tó kú sí ìdálẹ̀ ńkọ́? Ní 1894, A. B. Ellis, ọ̀gágun òyìnbó kan, tẹ ìwé jáde nípa àwa Yorùbá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ènìyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn, àwọn ẹbí rẹ̀ a sa gbogbo ipá wọn láti rí nǹkan kan gbà lára rẹ̀, irun orí tàbí èékánná, kí wọ́n lè fi ṣe ètò ìsìnkú nílé. Irun díẹ̀ péré tó fún wọn. Àwọn ọdẹ ní tiwọn a máa ṣe ìṣípà: wọn a kó ohun èlò olóògbé lọ sínú igbó, wọn a sun ìrèmọ̀jé, kí wọ́n tó gbà pé ó ti kúrò láàárín ẹgbẹ́. Mo rò pé irú ọ̀nà báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé fi tu ara wọn nínú nígbà ogun Kírìjì, tí Ìgbómìnà bá Èkìtì Parapọ̀ jà títí àdéhùn àlàáfíà fi wáyé ní 1886.

Ogun òyìnbó ni kò jẹ́ kí irun wálé mọ́. Ní 1914 wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù. Ní òpin 1916 wọ́n tún kó wọn lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Kì í ṣe àwọn tó gbé ìbọn nìkan ló lọ. Àwọn aláàárù pọ̀ lọ bí eéṣú, tí wọ́n ru oúnjẹ àti ọta lórí, tí àìsàn sì ń pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ní 1917, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti bójú tó sàréè àwọn tó kú sógun, ìlànà rẹ̀ sì ni pé ọ̀gá àti ọmọ-ẹ̀yìn, olówó àti tálákà, ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Ìlànà náà dára. Ṣùgbọ́n ní 1923, Guggisberg, gómìnà Gold Coast tí ń jẹ́ Gánà lónìí, sọ fún àjọ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù pé òkúta orí sàréè kò lè yé ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, kò sì ní mọ rírì rẹ̀. Wọ́n gbà á gbọ́. Ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000 ènìyàn, tí ó tilẹ̀ lè tó 350,000, ni a kò kọ orúkọ wọn sí ibì kankan lẹ́yìn ogun náà, tàbí tí a kò ṣe ìrántí wọn rárá. Ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni púpọ̀ jù nínú wọn. Àjọ náà tọrọ àforíjì.

Òkúta kò yé wa? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kí ó wá sí Ẹ̀sìẹ́. Ère òkúta tó wà níbẹ̀ ju 1,000 lọ: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó jókòó lórí àpótí, ẹni tó mú idà, ẹni tó gbé ọrun àti apó. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ bá wọn níbẹ̀ ni. Ìtàn wọn sọ pé ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ọdún mẹ́wàá péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Guggisberg, ní 1933, ni H. G. Ramshaw ti ilé-ẹ̀kọ́ CMS ròyìn wọn fún àwọn ará òde. Ní 1945 wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé síbẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Mo ti kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wò ó rí. Ohun tí ọmọ kékeré kan kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Tíṣà, kí lorúkọ eléyìí?" Èmi kò rí èsì fún un.

Ọdún 1945 kan náà ni ogun Bọ́má parí. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú láìní sàréè sára òpó òkúta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000, ọmọ Áfíríkà sì wà nínú wọn. Díẹ̀ ló kù kí orúkọ Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun. Ní oṣù Kẹta 1944, ìbọn àwọn ará Jàpáànù ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ní àfonífojì Kaladan. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman ló fi òun àti David Kargbo, ọmọ Sàró, pamọ́ tó sì ń bọ́ wọn títí di oṣù Kejìlá. Fadoyebo padà wálé, ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè ọpẹ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ fún ìdílé Shuyiman. Bàbá náà ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbà á. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Fadoyebo náà lọ.

Ìjọba wa ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní 1970, wọ́n wá sún un sí ọjọ́ yẹn. Wọ́n ń fi òdòdó sílẹ̀, wọ́n ń tú ẹyẹlé funfun. Èmi kò kẹ́gàn rẹ̀. Àmọ́ ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni wọ́n ń bọlá fún, àwa sì mọ tiwa.

Wàhálà mìíràn tún wà. Nínú ìwé ológun àtijọ́, orúkọ ìlú ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ orúkọ ọmọ ogun, nítorí náà Ìgbómìnà kan lè wà níbẹ̀ tí yóò máa jẹ́ "Ìlọrin" títí ayé, torí pé abẹ́ Ìlọrin ni wọ́n kà wá sí nígbà náà. Kò sí akọ̀wé kankan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Àbújá tó lè tún un ṣe. Àwọn ìyá àgbà tó gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn ọkọ wọn lè tún un ṣe, wọn kò sì pọ̀ mọ́.

Mo bẹ olórí agboolé kọ̀ọ̀kan kí ó fi orúkọ àwọn tirẹ̀ ránṣẹ́ kí ìwé ọdún tó ń bọ̀ tó jáde: ẹni tó lọ sí Kamẹrúùnù, sí Bọ́má, sí ogun Bìáfrà, sí Làìbéríà, àti àwọn ọmọdé òde òní tí wọ́n lọ sí Bọ̀rnó. Ẹ kọ ti àwọn tó padà pẹ̀lú ti àwọn tí kò padà. Ẹ kọ agboolé, ẹ kọ orúkọ ìyá. Oríkì ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, nítorí ìwé ìjọba kò ní in.