Mímú Òórùn Èéfín Kúrò Lára Aṣọ àti Ohun Èlò Àlòkù

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni mímú òórùn èéfín kúrò lára ohun àlòkù jẹ́ fún àwọn tó ń ta òkìrìkà, àwọn alágbàfọ̀ àti àwọn ìyálé ilé nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Aṣọ, báàgì, àṣíborí ọ̀kadà, títí dé ìgbànú tí àwọn tó ń gun òpó fi ń so ara wọn mọ́ òkè, gbogbo wọn ló lè gba èéfín sára. Ibi tó ti le ni pé ohun tó pa òórùn náà lè ba nǹkan ọ̀hún jẹ́, ó sì lè ṣe ẹni tí yóò lò ó ní jàǹbá.

Apá kan nínú èéfín yìí ti òkè òkun wá. Òkìrìkà máa ń gba Kútọnu wọlé kó tó dé ọjà bíi Kútọ̀ àti Láfẹ́nwá ní Abẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ àlòkù wà lára ohun tí òfin Aṣọ́bodè Nàìjíríà kò fẹ́ kí wọ́n kó wọlé. Òmíràn nínú wọn ti gbé ilé amusìgá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apá kejì jẹ́ tilé: ẹ̀bá ààrò gàrí, ibi tí wọ́n ti ń bọ ìrẹsì Ọ̀fàdà, ẹja yíyan, jẹnẹrétọ̀, igbó tí wọ́n ń sun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Èéfín kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Ẹyọ èérí tíntìntín ni, tí ọ̀dà àti epo bò lára, ó sì máa ń wọnú fọ́nrán òwú lọ jókòó. Òwú àti irun àgùntàn máa ń fà á mu. Pólísítà máa ń di apá tó jẹ́ epo nínú rẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí aṣọ tí wọ́n sá sí afẹ́fẹ́ látàárọ̀ fi máa ń dà bíi pé ó ti mọ́, ṣùgbọ́n bí òógùn bá ti mú un lára ẹni, òórùn náà á tún yọ jáde. Lọ́fínńdà àti tùràrí kò yí èyí padà. Wọ́n kàn bo òórùn mọ́lẹ̀ ni, èérí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Fún aṣọ tó ṣe é fọ̀, ìta ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹni tó ń gbọ̀n ọ́n bo imú. Lẹ́yìn náà kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ àti bekin sóódà, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì ṣàn án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá jẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta: abẹ́ kọ́là, abíyá, inú àpò àti ojú ìránṣọ ni èéfín máa ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn afọṣọ tó ń kánjú kì í fọwọ́ kàn. Kí ẹnikẹ́ni má gbé àyọ́ọ̀nù lé e títí òórùn náà yóò fi lọ pátápátá, torí ooru máa ń jẹ́ kí ìyókù ọ̀dà náà le mọ́ fọ́nrán. Ohun tí kò ṣe é fọ̀, bíi báàgì aláwọ, á wọ inú àpótí tó ní ìdérí pẹ̀lú abọ́ èédú gbígbẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Èédú máa ń fa òórùn mọ́ra, kó ṣáà má ti fara kan nǹkan náà.

Àdìrẹ gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Hypo, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, máa ń bó aró ẹlú, ibi tó bá sì ti bó kò ní padà sí bó ṣe wà. Àwọn ará Abẹ́òkúta ti mọ̀ tipẹ́ pé kẹ́míkà líle lè jẹ aṣọ. Ní àárín ọdún 1930 sí 1940, nígbà tí kọ́sítíìkì sóódà àti aró òyìnbó gbòde, ìráhùn pọ̀ pé aṣọ kì í tọ́jọ́ mọ́. Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá, Adémọ́lá Kejì, fòfin de kẹ́míkà méjèèjì, àwọn obìnrin aláró kò gbà, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lé lórí ní 1936. Ẹni tó bá ra àdìrẹ àtijọ́ ní Ìtòkú, ọṣẹ tí kò le, omi tútù àti òjìji ni kó lò.

Ohun èlò tó ń dáàbò bo ẹ̀mí le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àpẹẹrẹ, ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, níbi tí fífò láti inú bàálù ti jẹ́ eré ìdárayá, wọ́n máa ń ta párásúùtì àlòkù. Nylon, tí Wallace Carothers ṣe ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní 1935, ni wọ́n fi ń ṣe é. Ásíìdì àti Hypo máa ń jẹ fọ́nrán nylon, oòrùn sì máa ń dín agbára rẹ̀ kù láìjẹ́ pé ojú rí i. Fífọ̀ pàápàá lè jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba inú aṣọ náà kọjá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀rọ ozone tí wọ́n fi ń pa òórùn nínú ọkọ̀ àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì ń ba nylon àti rọ́bà jẹ́, ó sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ohun tó dára ni kí wọ́n gbé párásúùtì náà kọ́ sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí oòrùn kò dé, fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ dídi párásúùtì sì yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin Amẹ́ríkà ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tún párásúùtì kejì, èyí tó wà fún pàjáwìrì, dì ní gbogbo 180 ọjọ́. Irú ìṣọ́ra kan náà ni ìgbànú àwọn tó ń gun òpó gbà. Àṣíborí ọ̀kadà, tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé ní January 2009, ní fóòmù nínú tí pẹtiróòlù tàbí tínà máa ń yọ́. Ọṣẹ àti omi díẹ̀ ti tó o.

Kí ẹnikẹ́ni má po Hypo mọ́ fínígà láéláé, nítorí gáàsì klórínì tó ń jáde níbẹ̀ lè pààyàn. Kẹ́míkà tó wọ́pọ̀ jù nínú ilé wa, tó sì léwu fún àwọn ọmọdé, ni kánfọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń kó o sínú àpótí aṣọ kí òórùn èéfín àti ti ògbólógbòó má baà yọ. Àwọn ọmọ tí èròjà G6PD kò tó lára wọn wà láàárín wa gan-an: nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún lára ọkùnrin ilẹ̀ wa ni. Bí irú ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí kánfọ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí ìyeyè, ìyẹn ibà pọ́njú tó lè ba ọpọlọ jẹ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe kó kánfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ o. Bí ojú ọmọ bá sì ti ń pọ́n, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe FMC ní Ìdí-Àbà tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín jù.