Ilé oúnjẹ nínú ilé àtijọ́: Ilojo Bar ti Èkó, àti àwa ará Savalou

Láti Savalou títí dé Bantè, kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ìyá oníyán wà lábẹ́ àtíbàbà, maquis wà létí títì tí wọ́n ti ń ta bíà àti adìyẹ díndín, àwọn tó ń ta ìrẹsì fún àwọn onímọ́tò náà wà. Irú ilé oúnjẹ tí à ń sọ níbí yàtọ̀ díẹ̀. Ó gbayì: aṣọ wà lórí tábìlì, wọ́n á mú carte wá fún yín kí ẹ yan ohun tó wù yín. Síbẹ̀, wọn ò ní ní kí ẹ de táì kí ẹ tó wọlé. Bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́ ti tó. Èyí tó wá ṣe pàtàkì ni pé ilé tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ilé àná. Àwọn tó kọ́ ọ ti lọ tipẹ́, ìtàn wọn ló kù lára ògiri.

Ọ̀rọ̀ Faransé náà, restaurant, inú restaurer ló ti jáde, ìyẹn ni pé kí nǹkan mú okun padà sára. Omi ẹran gbígbóná tí wọ́n ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ ní Paris. Lẹ́yìn ọdún 1760, orúkọ omi ẹran yẹn di orúkọ ilé tí wọ́n ti ń tà á. Ní Paris kan náà, wọ́n dá Le Procope sílẹ̀ ní 1686 gẹ́gẹ́ bí ilé kọfí, wọ́n ṣì ń jẹun níbẹ̀ dòní. Ní Madrid, ilẹ̀ Sípéènì, Botín ti wà láti 1725. Ìwé Guinness pè é ní ilé oúnjẹ tó pẹ́ jù láyé. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, owó tí oníbàárà san lórí àwo oúnjẹ náà ló yẹ kó máa tún òrùlé ṣe. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Tí a bá fẹ́ rí irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀dọ̀ àwọn Agudà la máa lọ. Àwọn ni ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsílì, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n padà wálé. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde ní Salvador ti Bahia ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan, àwọn mìíràn sì fúnra wọn kúrò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó, Agoué, Ouidah àti Porto-Novo. Bíríkìlà àti káfíńtà tó mọṣẹ́ pọ̀ nínú wọn. Àwọn ló mú fèrèsé olórí roboto wá, àti òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ sára ògiri. Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, iṣẹ́ wọn ni. Mọ́sálásí ńlá Porto-Novo, tí wọ́n kọ́ láàárín 1912 sí 1935, tẹ̀ lé ọnà wọn débi pé àlejò tí kò bá mọ̀ á pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n mú oúnjẹ wá pẹ̀lú. Frejon, ẹ̀wà tí wọ́n sè pẹ̀lú omi àgbọn, ni àwọn ọmọ Agudà ń jẹ ní Èkó lọ́jọ́ Ẹtì Mímọ́. Ní Porto-Novo, àwọn náà ní feijoada wọn nígbà ọdún Bonfim ní oṣù kìn-ín-ní. Oúnjẹ àti ilé jọ wá nínú ọkọ̀ kan náà ni.

Ní 1855, ìdílé Agudà kan tó ń jẹ́ Fernandez kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Tinubu Square, ní Lagos Island. Casa do Fernandez ni wọ́n ń pè é. Ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ló jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kì í ṣe ilé àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ di ibi ìjẹun, tìtorí ìjẹun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á, orúkọ rẹ̀ sì di Ilojo Bar. Ní 1956, ìjọba kọ ọ́ sára àwọn ilé ìrántí orílẹ̀-èdè, pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wó o.

Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kì í dí ihò òrùlé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ògiri ń là, ọjà ń yí ilé náà ká, owó ilẹ̀ ní Lagos Island sì ń lọ sókè. Àwọn kan nínú àwọn tó ni ín ní ó ti di ewu, pé ó lè wó lu èèyàn. Àwọn tó ń bójú tó ohun ìrántí ní òfin kò fàyè gba kí wọ́n wó o. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Iléyá, wọ́n wó o palẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́jọ ló lò. Lójú tèmi, ẹ̀bi ọjọ́ kan kọ́ nìyẹn. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi wà lórí ilé náà, àtúnṣe tó tó ò sì bá a rìn.

Ibòmíràn wà nítòsí rẹ̀, ní Broad Street, tí ọ̀rọ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀. Ní 1885 wọ́n fi bíríkì tí wọ́n kó wá láti ìlú wọn tún un kọ́. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ayàwòrán-ilé Theo Lawson ló sọ ọ́ di Freedom Park, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹwàá 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni ìtàgé orin wà báyìí, àwọn olóúnjẹ sì ń tajà nínú ọgbà náà. Ilé àtijọ́ tó kù níbẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ èrò ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Nílùú tiwa, ọ̀pọ̀ ilé Agudà tó gbajúmọ̀ ló di mùséè. Villa Ajavon ní Ouidah, tí wọ́n kọ́ ní 1922, ti di mùséè Fondation Zinsou láti 2013. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ló lè di mùséè. Orílẹ̀-èdè wa ṣe Òfin 2007-20 ní 23 oṣù kẹjọ 2007 láti dáàbò bo irú àwọn ohun ìní bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìṣòro tó bá Ilojo Bar ò jìnnà sí Porto-Novo: ilé kan, ajogún púpọ̀, owó àtúnṣe kò sí.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ jẹun nírú ilé yìí, kó má bẹ̀rù. Ẹ béèrè carte kí ẹ tó jókòó, kí ẹ rí iye owó. Plat du jour sábà máa ń dínwó ju ìyókù lọ. Omi inú ìgò, owó ọ̀tọ̀ ni, ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Oúnjẹ á pẹ́ díẹ̀, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sè é ni; ẹni tí ebi ń pa gidi, kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀kọ nílé! Ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́ ilé náà, kí ẹ ní kí wọ́n mú yín wò ó yíká. Owó ìtàn yẹn wà nínú addition tí ẹ máa san.

Ẹ wá wo Savalou lọ́jọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọjọ́ ọdún iṣu. Àwọn ọmọ ìlú ń ti Cotonou bọ̀, àlejò ń lọ kí ọba Gbaguidi láàfin, gbogbo wọn sì fẹ́ jẹ iyán iṣu tuntun. Ìdílé tó bá ní ilé baba ńlá tó dúró dáadáa lè ronú sí i. Kí gbogbo ẹ̀ka ìdílé kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé: ta ló ń bójú tó ilé, mélòó nínú èrè ló ń lọ sórí àtúnṣe kí ẹnikẹ́ni tó pín kọ́bọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ìdáná wà, torí igi àjà ilé àtijọ́ ti gbẹ, iná kékeré ti tó o. Ibẹ̀ náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹ kó wà, kí omi rẹ̀ má ṣàn lọ síbi ìpìlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀. Kì í jẹ́ kí omi tó wọ inú amọ̀ ráyè jáde. Òde á máa dán, inú á máa rà. Amọ̀ tàbí chaux ló bá a mu. Kí bíríkìlà tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá àti fèrèsé, kí ẹ fi pa mọ́ sọ́dọ̀ ẹni méjì. École du Patrimoine Africain wà ní Porto-Novo láti 1998, iṣẹ́ wọn sì ni láti kọ́ èèyàn ní ìtọ́jú ohun ìní àtijọ́. Ẹ lè kó àwọn fọ́tò náà lọ bá wọn.