Ebi Ló Kọ́ Osaka ní Oúnjẹ Ojú Pópó

Ẹni tó bá dé ìlú Osaka ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì lónìí, tó rìn dé àdúgbò Dotonbori lálẹ́, lè rò pé ìlú náà kò mọ ebi rí. Òórùn òróró gbígbóná gba afẹ́fẹ́ kan, àwọn oníbàárà tò sẹ́nu ọ̀nà búkà, wọ́n ń jẹun lórí ìdúró. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, kuidaore, ìyẹn ni pé kí ènìyàn jẹun títí tí owó ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tán pátápátá. Àwọn tó ń polówó ìlú náà fún arìnrìn-àjò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ọwọ́ ebi, ogun àti àwọn àlejò tí kò ní alátìlẹ́yìn wà nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí Osaka fi ń yangàn.

Ìrẹsì ló ṣáájú. Láyé ìgbà tí àwọn shogun ń ṣàkóso, ilé ìdáná gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń pe Osaka, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ìjòyè ìgbèríko ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ìrẹsì tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wá, kí wọ́n lè sọ ọ́ di owó. Ní 1730, ìjọba fọwọ́ sí ọjà ìrẹsì Dojima, níbi tí àwọn oníṣòwò ti ń ra ìrẹsì tí wọn kò tíì fojú rí, tí wọ́n sì ń tà á. Ṣùgbọ́n àká tó kún kò túmọ̀ sí pé ìkòkò ará ìlú kún. Ní oṣù Keje 1918, ìrẹsì wọ́n gógó, àwọn obìnrin apẹja ní Toyama sì dìde láti dá ìrẹsì tí wọ́n fẹ́ kó kúrò ní agbègbè wọn dúró. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ, rògbòdìyàn ti dé Osaka: àwọn ènìyàn ya bo ilé ìtajà àwọn oníṣòwò ìrẹsì, ìjọba sì kó sójà sí ìgboro. Terauchi Masatake, olórí ìjọba nígbà náà, fi ipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó kún Osaka nígbà náà ń wá ohun tí kò wọ́n, tó sì yá. Ní Shinsekai, àdúgbò tí wọ́n ṣí ní 1912, wọ́n ń jẹ kushikatsu, ègé ẹran tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n yí nínú ẹ̀rúnrún búrẹ́dì, tí wọ́n sì dín. Abọ́ ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo oníbàárà ń tì í bọ̀, nítorí náà ni òfin ibẹ̀ ṣe le: ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o tì í bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti gé e jẹ kò gbọdọ̀ dá a padà sínú abọ́. Òfin tó bójú mu ni, lójú tèmi. Ní 1935 ni Endo Tomekichi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ègé ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sínú fùláwà pípò róbótó tí à ń pè ní takoyaki.

Ogun ló wá yí nǹkan padà. Ní òru ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 1945, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà rọ̀jò bọ́ǹbù lé Osaka lórí, iná sì jó àárín ìlú. Nígbà tí ogun parí ní oṣù Kẹjọ, ìkórè ọdún náà kò dára, Kòríà àti Taiwan tí ìrẹsì ti ń wá tẹ́lẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ Jàpáànì. Oúnjẹ tí ìjọba ń wọ̀n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan kò tó jẹ. Ní Tokyo, adájọ́ kan wà, Yamaguchi Yoshitada, tó ń dá ẹjọ́ àwọn tí wọ́n mú nítorí oúnjẹ tí wọ́n rà lọ́nà àìtọ́. Ó pinnu pé òun kò ní jẹ ju ohun tí ìjọba wọ̀n lọ. Ní oṣù Kẹwàá 1947, ó kú.

Àwọn tí kò fẹ́ kú ń lọ sí ọjà tí òfin kà léèwọ̀. Ní Osaka, ọjà bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Umeda, ó sì wà ní Tsuruhashi. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú sógun ń tajà níbẹ̀, sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń tajà, àwọn ará Kòríà tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó wá láti erékùṣù Jeju láti bí 1923 náà ń tajà. Ìrẹsì ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n fùláwà ń ti Amẹ́ríkà wọlé. Bí okonomiyaki, fùláwà pípò tí wọ́n da kábéèjì sí, tí wọ́n sì yan lórí irin gbígbóná, ṣe di oúnjẹ àjẹyó nìyẹn. Ìpápánu lásán ni irú rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ibùdókọ̀ Umeda yìí kan náà ni Ando Momofuku ti rí àwọn ènìyàn tó tò gbọọrọ nínú òtútù níwájú búkà kan, tí wọ́n ń dúró de abọ́ núdù gbígbóná kan péré. Taiwan ni wọ́n bí i sí ní 1910, nígbà tí Jàpáànì ń ṣàkóso ibẹ̀. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Ní 1957, ilé ìfowópamọ́ tó jẹ́ olórí rẹ̀ dojú dé, ohun ìní rẹ̀ sì bá a lọ. Ó kọ́ ahéré kan sẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ikeda, nítòsí Osaka, ó ń gbìyànjú láti ṣe núdù tí kò ní tètè bàjẹ́. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dín oúnjẹ ni ojútùú ti wá: òróró gbígbóná ń lé omi jáde kúrò nínú fùláwà, ó ń fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀, ihò wọ̀nyí ni omi gbígbóná yóò gbà wọlé padà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 1958, ó gbé e jáde ní yẹ́ẹ̀nì 35. Ó wọ́n ju núdù tútù tó wà lọ́jà lọ, àwọn alágbàtà sì kọ́kọ́ ṣiyèméjì.

Ìmọ̀ yìí ló gba Indonesia dé ọ̀dọ̀ wa ní orúkọ Indomie, tí wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní 1995. Ní Ikeda, wọ́n ti ṣe àwòkọ ahéré Ando sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan, àwọn ọmọ ilé ìwé ń tò wá wò ó. Ní Tsuruhashi, ojú ọ̀nà tóóró inú ọjà ṣì wà níbi tó wà, èéfín ẹran yíyan ń jáde lẹ́nu ọ̀nà àwọn búkà, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ará Kòríà ọjọ́sí sì wà lára àwọn tó ń tajà níbẹ̀.