Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìṣirò fún Ayé Tó Ń Yí

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ la sábà máa ń fi òwe yìí tù nínú, pé kó gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì tí ẹnikẹ́ni kì í tọ̀, igbó á ti bò ó kó tó di ọjọ́ ìdààmú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jàǹfààní òwe yìí gbọ́dọ̀ máa ro ọ̀nà kejì nígbà tí àkọ́kọ́ ṣì ṣí. Bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń wo ìṣe ẹ̀dá kọ́ ìṣirò.

Èèrà ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Lọ́dún 1989, Simon Goss, Jean-Louis Deneubourg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Brussels gbé afárá ẹlẹ́ka méjì, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, sáàárín ilé èèrà Ajẹntínà àti oúnjẹ. Èèrà a máa fi òórùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ibi tí òórùn bá ti pọ̀ làwọn yòókù ń tọ̀. Èyí tó gba ọ̀nà kúkúrú tètè lọ, ó tètè bọ̀, òórùn ibẹ̀ sì borí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀ka gígùn nìkan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kí wọ́n tó so kúkúrú mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ èèrà kò yà síbẹ̀, torí òórùn àtijọ́ kò tètè gbẹ. Nígbà tí Marco Dorigo wá gbé ìlànà èèrà wọ kọ̀ǹpútà lọ́dún 1992, ó jẹ́ kí òórùn inú ìṣirò rẹ̀ máa gbẹ: bó ṣe ń rántí ló ń gbàgbé.

Ìlànà ìran-dé-ìran, tí John Holland ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1975, ní irú ìṣòro yìí. Agbo ìdáhùn ni kọ̀ǹpútà ń sìn níbẹ̀, èyí tó dára ló ń bí sí i. Tó bá pẹ́, gbogbo ọmọ á jọra. Bí ìbéèrè bá yí, kò sẹ́ni tó yàtọ̀ láàárín wọn tó lè dáhùn. Lọ́dún 1992, John Grefenstette dábàá pé ní ìran kọ̀ọ̀kan, kí a fi àjèjì tí a kàn ṣẹ̀dá bó ṣe bọ́ sọ́wọ́ rọ́pò apá kan agbo náà.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló dé tí a kò kàn bẹ̀rẹ̀ láti ìpilẹ̀ nígbàkigbà tí nǹkan bá yí. Bí ìyípadà bá tóbi débi pé ti àná kò wúlò fún òní mọ́, òótọ́ lẹni náà sọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ kan péré bá bàjẹ́ láàárín ọkọ̀ tó ń kó ẹrù kiri ìlú, ètò tàwọn yòókù kò tíì bàjẹ́. Àtúnṣe díẹ̀ ló kù. Ẹlòmíràn á ní àjèjì ń fi àkókò ṣòfò nígbà tí nǹkan bá tòrò. Bẹ́ẹ̀ ni, bí wọ́n bá pọ̀ jù, agbo kò ní rójú mú ìdáhùn kankan dán. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi iṣẹ́ ọjọ́ kan dá irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Àròpọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìyípadà dé ìyípadà ni òṣùwọ̀n, níbi tí èyí tó ń pàdánù díẹ̀díẹ̀ ti lè borí èyí tó péye títí ìbéèrè fi yí.