Kí ni olórin yẹn sọ gan-an? Bí etí aráàlú àti etí ìjọba ṣe ń gbọ́ orin ẹ̀fẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Lọ́dún 1967, orin kan jáde ní orílẹ̀èdè Ghana tó dá lórí ìpàdé àwọn ẹranko inú igbó.

Nana Kwame Ampadu àti ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀, African Brothers Band, ló gbé e jáde ní èdè Twi. Ebi Te Yie ni orúkọ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn kan jókòó dáadáa.

Nínú ìtàn náà, ẹkùn jókòó sẹ́yìn ẹtu níbi ìpàdé, ó sì tẹ ìrù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹtu bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkùn a ní kó panu mọ́. Nígbà tí ara ẹtu kò gbà á mọ́, ó figbe ta sí alága pé ìjókòó ibẹ̀ kò dọ́gba.

Kò sí orúkọ ológun kankan nínú orin náà. Kò sì dárúkọ ìjọba.

Àmọ́ àwọn ológun tó gbàjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah lóṣù Kejì ọdún 1966 ló wà lórí àlééfà nígbà náà, ọ̀pọ̀ ará Ghana sì gbà pé àwọn gan-an ni ẹkùn. Nígbà tó yá, orin náà pòórá lórí rédíò. Ẹ̀yìn tí ìjọba ológun kógbá sílé ni àwọn èèyàn tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ.

Kí wá ni Ampadu sọ gan-an? Ṣé àlọ́ ló ń pa ni, àbí ìjọba ló ń bá wí?

Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń gbọ́ orin ẹ̀fẹ̀, ẹ ó bá irú ìjiyàn yìí níbẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ọkọ̀ èrò, nílé ọtí tàbí lóde àríyá. Ẹnì kan á ní lágbájá ni olórin ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí, ẹlòmíì á ní rárá, ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa ni. Àwọn àgbà Yorùbá náà ní bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo àṣìgbọ́ ló jọra. Àwọn kan wá láti inú etí, àwọn kan láti inú ìbẹ̀rù, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé olórin fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ dá wọn sílẹ̀.

Orin tí FBI jókòó tì

Lọ́dún 1963, ẹgbẹ́ akọrin The Kingsmen láti ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà tún orin Louie Louie kọ, èyí tí Richard Berry kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1957. Ọ̀rọ̀ atukọ̀ ojú omi kan tó fẹ́ padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe orin ẹ̀fẹ̀, kì í sì í ṣe orin ìṣekúṣe.

Àmọ́ ohùn Jack Ely, tó kọ ọ́, kò já geere rárá. Òkè ni wọ́n gbé makirofóònù kọ́, tó jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Ni oníkálukú bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó rò pé òun gbọ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pín bébà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rírùn sí láàárín ara wọn.

Àwọn òbí fẹjọ́ sun ìjọba. Lọ́dún 1964, gómìnà ìpínlẹ̀ Indiana ní kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò má lo orin náà mọ́.

Àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI náà dá sí i. Wọ́n fi àwo orin náà sáré, wọ́n tún mú un falẹ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, wọ́n ní kò sí bí àwọn ṣe lú u tí àwọn lè sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Wọn kò sì bi Jack Ely tó kọ orin náà léèrè.

Ohùn ló ń da ọ̀rọ̀ rú

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ibòmíì ni àṣìgbọ́ ti máa ń wá, torí ohùn ló ń gbé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa. Bí orin bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó dúró ní àárín, ọkọ ìyàwó lè di ọkọ́ àgbẹ̀ létí ẹni tó ń gbọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn ní ọ̀rúndún 19, nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, àmọ́ tí wọ́n ṣì ń fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Yorùbá ni wọ́n kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kì í fìgbà gbogbo dún bíi Yorùbá létí.

Ọ̀kan lára àwọn tó wá nǹkan ṣe sí i ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, tó ń gbé orin tí ohùn rẹ̀ bá ti ọ̀rọ̀ Yorùbá mu kalẹ̀. Lọ́dún 1922, ó kọ orin tó lé ní 40 sínú àwo ní London fún ilé iṣẹ́ Zonophone.

Thomas Ekundayo Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Lagos, náà kọ ìwé nípa orin Yorùbá, tó jáde lọ́dún 1953.

Ohun kan ni wọ́n jọ ń wá: kí ẹni tó ń gbọ́ orin má ṣì í gbọ́.

Bàbá àgbà sá fún un, ọmọ ọmọ sọ ọ́ di ohun ìjà

Àlùfáà Ransome-Kuti yìí ni bàbá tó bí bàbá Fela Anikulapo-Kuti.

Fela náà kọrin ní Yorùbá, àmọ́ Pidgin ló wá gbájú mọ́ kí ẹni tó wà ní Kano, Enugu àti Accra lè jọ gbọ́ ọ. Nígbà tó gbé Zombie jáde lọ́dún 1976, kò sí ọ̀rọ̀ tó pamọ́ níbẹ̀. Ó mú àṣẹ tí wọ́n máa ń pa fún ọmọ ogun lórí pápá, ó fi kọrin, ó sì fi wọ́n wé òkú tó ń rìn láìní èrò tirẹ̀.

Lọ́jọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1977, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀, Kalakuta, ní Lagos, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀, Funmilayo Ransome-Kuti, látojú fèrèsé. Obìnrin náà kú lóṣù Kẹrin ọdún 1978.

Títí di òní, àwọn olólùfẹ́ Fela ṣì ń jiyàn bóyá orin yẹn ló fa ìkọlù náà, àbí aáwọ̀ tó wáyé láàárín àwọn èèyàn rẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọmọ ogun tí a kò mọ̀ ló ṣe é. Fela mú gbólóhùn yẹn gan-an, ó fi ṣe orúkọ orin tó gbé jáde lọ́dún 1979, Unknown Soldier. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba sọ láti fi pa ẹjọ́ dé wá di orin tí gbogbo ìlú ń gbọ́.

Lẹ́yìn èyí ló wá ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Létí àwọn èèyàn, èèyàn ńlá ni V.I.P. Fela ní Vagabonds in Power ni, ìyẹn àwọn ìsáǹsá tó wà nípò àṣẹ. Lọ́dún 1980, ó mú I.T.T., orúkọ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù International Telephone and Telegraph, ó sọ ọ́ di International Thief Thief.

Tony Allen, tó ń lu ìlù fún un tẹ́lẹ̀, náà ṣe irú rẹ̀ fún NEPA, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná. Ó sọ àwo orin rẹ̀ ní Never Expect Power Always, pé kí èèyàn má retí iná nígbà gbogbo. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ní láti ṣàlàyé èyí fún. Nígbà tí NEPA sì di PHCN lọ́dún 2005, aráàlú ò dúró de olórin kankan kí wọ́n tó ní Problem Has Changed Name ni, pé orúkọ ni ìṣòro yẹn kàn pa dà.

Ibi tí èèyàn jókòó sí

Ó rọrùn láti sọ pé kí olórin fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú òwe kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà. Lóòótọ́, ìyà tó jẹ Fela tó sọ ọ́ ní gbangba kò jẹ Ampadu tó pa àlọ́. Àmọ́ àlọ́ náà kò gba orin rẹ̀ là lórí rédíò. Bẹ́ẹ̀, àwọn Kingsmen tí ọ̀rọ̀ orin wọn kò ní nǹkan burúkú nínú rí FBI lẹ́yìn wọn.

Ẹni tó ń jáyà a máa gbọ́ ju ohun tí wọ́n sọ lọ.

Ampadu kú lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Nígbà yẹn, orúkọ orin rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ghana fi ń ṣàpèjúwe ìlú tí kò rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn bákan náà.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Èjìgbò àti Ṣakí ló ń ṣòwò ní Ghana nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde. Lọ́dún 1969, àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ìjọba tuntun ti Kofi Busia ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò yìí ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀.

Àwọn ológun tí wọ́n ní orin náà ń bá wí ti lọ nígbà náà. Àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ igbe ẹtu níbi tó ti ń di ẹrù rẹ̀, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ta ni ẹkùn.