Kí A Tó Máa Dárúkọ Jẹjẹrẹ

Nígbà èwe mi ní Ìkún-Àkókó, bí jẹjẹrẹ bá mú obìnrin lọ́mú, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Ìyá mi àgbà á fi òrí wọ́ ọ lẹ́yìn, á máa ki oríkì rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí oorun á fi gbé e lọ. Ìtura tí a ní nìyẹn.

Ní 1997, Betty Anyanwu-Akeredolu, tí àìsàn náà ṣe, dá BRECAN, ẹgbẹ́ tó wà fún ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ọmú, sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà má bàa jẹ́ àṣírí mọ́. Ní 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo ṣáájú ìdásílẹ̀ ibùdó ìtọ́jú ìtura n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń wo ìrora ara àti ti ọkàn pọ̀.

Ẹ má fi aláìsàn yín pamọ́ mọ́. Ẹ jókòó tì í.